Ìyá Ìpè àti Ohùn tó Dáhùn nínú Táǹkì

Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba owó lọ́wọ́ òkú. Àwọn mìíràn ní ó rí òkú náà lójúkojú, pé aṣọ funfun ló wọ̀, pé ó tilẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kí ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó má tún bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì bi í léèrè títí ó fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun sinmi.

Ilé-iṣẹ́ omi ìlú ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹnjiníà, kì í sì í ṣe akọ̀wé àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aládùúgbò máa ń fi oyè méjèèjì dá a lọ́lá nígbà tí omi kò bá yọ. Orúkọ ló ń pè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òun náà ní Ìyá Ìpè. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ìyá wa bá ń wá ẹnikẹ́ni nínú wa ní òpin àdúgbò, òun ni wọ́n máa ń rán. Kò ní rìn dé ibì kankan. Yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tí a ń wá yóò sì sáré dé pẹ̀lú ẹ̀rù, bí ẹni pé wọ́n ti ká a mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìpè náà wà fún, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò mọ òfin rẹ̀ kì í mọ ibi tí ẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí iṣẹ́ omi kan bá délẹ̀, bóyá páìpù ni a fẹ́ pààrọ̀ tàbí ògiri táǹkì ni a fẹ́ tún rẹ́, ìjọba ìlú kò gbọdọ̀ gbé e fún ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan. Wọn yóò kéde rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá wù yóò kọ iye tí òun yóò gbà sínú ìwé, yóò fi sínú àpòòwé, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ kan náà ni wọn yóò ṣí gbogbo àpòòwé lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù, tó sì pa gbogbo òfin mọ́, òun ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ olówó, ìbáà jẹ́ ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó lè fi àpòòwé sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá wo ibi iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò rí ihò kò lè mọ ohun tí yóò fi dí i.

Nígbà kan rí, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé láti fi hàn pé àwọn wá. Awakọ̀ ń fọwọ́ sí i fún ọ̀gá, ìyàwó ń fọwọ́ sí i fún ọkọ. Ọkùnrin kan tilẹ̀ fọwọ́ sí i fún àna rẹ̀ tó wà ní òkè òkun. Bí iṣẹ́ bá wá dàrú tán, wọn a ní, "A ò mọ̀ pé ibẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀." Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ omi fi ṣe òfin ìpè. Ibi iṣẹ́ gan-an ni a ó ti máa pe orúkọ. Bó bá jẹ́ inú táǹkì ni iṣẹ́ wà, ìsàlẹ̀ táǹkì ni a ó pè é sí. Kálukú yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé, "Mo wà níbí." Ẹni tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn ti jáde nínú ìdíje. Ohun tí a bá sì ti sàmì sí nísàlẹ̀, a kì í pa á rẹ́ lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró de apè-orúkọ lẹ́bàá géètì kí ó sì ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Òkùnkùn ni ìsàlẹ̀ táǹkì. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò mọ́lẹ̀ kọjá ìwé tó ń kà. Nítorí náà, etí ló fi ń sàmì. Bó bá gbọ́ ohùn, yóò fa ìlà síwájú orúkọ náà. Kò sí ẹni tó rí àbùkù kankan nínú èyí, títí kan òun alára.

Táǹkì tí ọ̀rọ̀ kàn ni èyí tó pẹ́ jù, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Koríko nìkan ni èèyàn yóò rí lókè, àti ìdérí irin, àti ihò afẹ́fẹ́ kan tó yọ ọrùn sókè bí ìgò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àkàbà irin ló lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ó máa ń dà bí ilé ńlá tí ayálégbé ti kó jáde: òpó lọ́tùn-ún, òpó lósì, ilẹ̀ tútù, ògiri tó ń làágùn. Ohùn kì í tètè kú níbẹ̀. Ẹ wúkọ́, ẹ ó gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn òpó tó sún mọ́ yín, ẹ ó tún gbọ́ ọ lẹ́yìn èyí tó jìnnà, bí ẹni pé ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ohùn mìíràn máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀kan nínú wọn búra pé òun wọ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun sì bá èébú tí òun bú lánàá níbi tí òun fi í sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyàwó rẹ tí o bú ló rán an padà sí ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Nínú àwọn agbaṣẹ́ṣe tó máa ń wá síbi ìpè, èyí tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni ọkùnrin kúkúrú kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Páìpù. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ni ilé-iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá ló máa ń wà lórí ìwé ìpè. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pe orúkọ rẹ̀, kì í dáhùn bí àwọn tó kù.

"Mo wà níbí, ìyàwó mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Ọkọ tí kì í mú owó ọbẹ̀ wá."

Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, táǹkì náà á sì rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń rí èéfín níbi tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí.

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ̀yìntì ni táǹkì àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n kéde iṣẹ́, wọ́n sì dá ọjọ́ ìpè. Òwúrọ̀ ni. Oòrùn ti mú lókè, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ni òtútù ń gùn wọ́n láti ẹsẹ̀ wá. Ìyá Yànrìn wà níbẹ̀, obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ láti orí yànrìn títà kí ó tó di agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ máa ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn tún wà, tí wọn kò padà wá fi àpòòwé sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Nígbà tó kan Bàbá Páìpù, ó pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é. Ìdáhùn kò pẹ́.

"Mo wà níbí, ìyàwó mi."

"Ọkọ tí kì í mú owó ọbẹ̀ wá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì fa ìlà.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ ṣe òun ní kàyéfì nìyẹn, kì í ṣe ohùn náà. Ó gbé ojú sókè. Ó rí òjìji àwọn èèyàn, kálukú ń wo ẹ̀yìn ẹlòmíràn, bí ẹni tó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn náà wá láti apá ibi tó jìn jù, lẹ́yìn òpó tó kẹ́yìn, níbi tí kò sí ẹni tó máa ń dúró sí nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó rò pé ọkùnrin náà ń ṣeré. Ó pe ìyókù, ó pa ìwé dé, wọ́n sì gòkè.

Lókè, ó dúró lẹ́nu ìdérí, ó ń wo orí tó ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Páìpù kò sí nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ ò ní jáde ni?"

Ó lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. "Bàbá Páìpù ti jáde ni?"

Ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Ìyá, ibo ló gbà wọlé? Mi ò rí bàbá yẹn láti àárọ̀."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọmọbìnrin Bàbá Páìpù dé. Ó wọ bàtà tó yàtọ̀ síra wọn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, kò sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ìdájí ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó jí nínú ilé. Ó wá bẹ̀bẹ̀ ni.

"Ìyá, ẹ má bínú pé a ò rí ẹni rán wá síbi ìpè. Mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé tó wà ní abíyá rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò yọ yín. Lọ sílé, lọ tọ́jú bàbá rẹ."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí ni òun ìbá wí? Òfin kò gba òun láyè láti pa àmì rẹ́ lókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun gbọ́ ohùn náà. Ó tẹnu mọ́ ìyẹn gan-an. Òun kò fa ìlà fún ẹni tí òun kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin náà fi àpòòwé wọn sílẹ̀ bí òfin ṣe gbà á láyè, nítorí bàbá rẹ̀ ti kọ iye inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpòòwé, iye tiwọn ló kéré jù. Ti Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì ló tẹ̀lé e, ti Ìyá Yànrìn ló ga jù.

Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì dìde kí wọ́n tó kà á tán.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé òkú ló wá wo ògiri ni? Ta ló di àkàbà mú fún un? Ṣé ó sọ fún yín pé òtútù mú òun?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà àgbà, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣí àpòòwé, kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ìyá Ìpè, àmì wà níwájú orúkọ yìí. Ṣé ẹ rí ọkùnrin náà?"

"Mi ò rí i, sà."

"Báwo ni àmì ṣe wá débẹ̀?"

"Ó dáhùn. Mo gbọ́ ọ."

Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì pàtẹ́wọ́. "Ó gbọ́ ọ! Ẹ bi í léèrè ohun tí ọmọ òkú fún un kí etí rẹ̀ tó là."

Ẹnjiníà àgbà bi àwọn tó wà níbi ìpè léèrè. Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Yànrìn fi ọwọ́ nu ẹnu kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn kan. Mi ò rí ojú ẹni tó ni ín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ bi mí mọ́."

Ìgbìmọ̀ náà dá ẹjọ́ pé kí wọ́n tún ìpè náà pè, kí orúkọ gbogbo ẹni tí àpòòwé rẹ̀ wà nílẹ̀ di pípè ní ìsàlẹ̀ táǹkì bí i ti àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹnjiníà àgbà pe ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bó bá fi hàn pé irọ́ ni àmì yẹn, kò sí bí òun ṣe lè gbà á sílẹ̀. Iṣẹ́ lọ, ìfẹ̀yìntì lọ, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó gba rìbá sí.

Ó wá sí ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sórí àga ìdáná, kò jẹun, kò mu omi. Mo ní kí ó lọ sọ pé àṣìṣe ni, pé etí kì í ṣe ojú, pé wọn yóò dárí jì í.

"Àṣìṣe kọ́. Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn ti kú."

"Ṣé èmi ni mo sọ pé kò kú?" Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. "Ṣé o mọ ohun tí mò ń gbàdúrà fún? Kí òkú dáhùn. Kí n pè é, kí ó jẹ́ mi lóhùn, kí gbogbo wọn gbọ́. Ṣé o rí ibi tí ayé mi dé?"



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpè kejì, wọ́n gbé àtùpà ńlá sọ̀ kalẹ̀. Àtùpà náà mọ́lẹ̀ dáadáa nítòsí, ṣùgbọ́n ó mú kí ibi tó jìn túbọ̀ dúdú. Ẹnjiníà àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ìgbìmọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe dúró níwájú wọn, ojú kálukú hàn kedere. Ọmọbìnrin Bàbá Páìpù kò sí níbẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà lórí ìwé.

Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì ní, "Ìyá Ìpè, ẹ pè é dáadáa o. Ó lè jẹ́ pé oorun ló ń sùn."

Ẹnjiníà àgbà ní kí ó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pe Ìyá Yànrìn. Ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ lọ, ó kan àwọn òpó, ó sì kú.

Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì.

"Mo wà níbí."

Ohùn rẹ̀ ni. Ohùn tó gbó, tó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òpó tó kẹ́yìn ló ti wá, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì sì dúró níwájú wọn nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà pẹ̀lú ẹnu tó pa dé. Ó ń mí èémí sínú lọ́wọ́ láti dáhùn ni. Kò tíì ya ẹnu.

Ẹni tó mú àtùpà lọ́wọ́ gbé e ga sókè, òjìji àwọn òpó sì ń rìn lórí ògiri. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Háà."

Ẹnjiníà àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "A gbọ́ ọ. Ẹ sàmì sí i, ìyá, ká máa lọ."

Bíró wà lórí ìwé, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò sún. "Òfin ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, sà. Mò ń wo ẹnu rẹ̀. Kò là."

Ó tún pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì mi orí. Ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta péré ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá náà sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ń dí ihò tí omi fẹ́ gbà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà yí padà, ó di àkàbà mú, ó sì gòkè lọ pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ó sọ fún àwọn èèyàn pé nígbà tí ohùn yẹn dáhùn, òun mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan fi ọ̀fun òun sílẹ̀. Ó ní òun bẹ̀rù pé bí òun bá ya ẹnu, òun kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn.

Orúkọ Bàbá Páìpù ló kù. Ẹnjiníà àgbà gbá a lápá mú. "Ìyá, ó tó. Gbogbo wa ti gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí yóò tún pè yín ní òpùrọ́. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní gbogbo orúkọ, sà."

Ó pè é. Omi kán sílẹ̀ níbì kan. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ sì gba inú táǹkì náà já láti ògiri dé ògiri. Ó ní ní ìgbà kẹta, òun kò mọ èyí tí òun fẹ́ mọ́, bóyá kí ó dáhùn tàbí kí ó sinmi. Kò sí ìdáhùn.

Ó fa ìlà gba orí àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, níbi tí òfin ti gbà á láyè. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣìṣe," ló wí fún Ẹnjiníà àgbà. "Mi ò purọ́, ṣùgbọ́n mo ṣìṣe. Bí mo bá lé ẹni tó dúró síbí nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò là, mi ò lè gba ẹni tí mi ò rí ẹnu rẹ̀ rárá."

Báyìí ni Ìyá Yànrìn ṣe gba iṣẹ́ náà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kò dé ara pátákó. Ìgbìmọ̀ náà sì tún òfin ṣe pé láti ìgbà náà lọ, ìta gbangba ni a ó ti máa pe orúkọ, kí apè-orúkọ máa wo ojú ẹni tó ń dáhùn, lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sì ti gòkè. Àwọn tó ń sọ pé wọ́n pa ìpè rẹ́ kò ka òfin náà dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń pè é ni wọ́n yí padà.

Ọmọbìnrin Bàbá Páìpù wá bá a nílé. Kò jókòó.

"Ìyàwó ni bàbá mi ń pè yín. Ẹ̀yin náà lẹ wá fi ọwọ́ ara yín pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyàwó ló máa ń mọ ìgbà tí ọkọ ò sí nílé."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kí ó tó parí. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ohun tó bèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́.

"Ṣé òótọ́ ni pé ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀? Ẹ mú mi lọ, ìyá. Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní bí bàbá náà bá dáhùn, ọmọ náà kò ní fẹ́ gòkè mọ́. Ó ṣèlérí fún un dípò ìyẹn pé bí iṣẹ́ bá parí, òun yóò ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da omi padà sínú táǹkì.

Ó mú ìlérí náà ṣẹ. Ọjọ́ náà, àwọn ọ̀gá wà lọ́hùn-ún lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣí omi, wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú Ìyá Yànrìn. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọbìnrin náà nìkan ló wà lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò afẹ́fẹ́. Omi tó bá ń wọ inú táǹkì gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà. Ó kọ́kọ́ mú òórùn sìmẹ́ńtì tuntun jáde, lẹ́yìn náà ó mú òtútù, lẹ́yìn náà ohùn bẹ̀rẹ̀.

Ó ní èyí tó jẹ́ tuntun ló kọ́kọ́ wá: ìró irin ìrẹ́lé lára ògiri, Ìyá Yànrìn tó ń jágbe mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ikọ́, ìsúfèé. Lẹ́yìn náà ohùn tó ń pe orúkọ. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni, àwọn orúkọ ọdún yìí, ti èṣí, tí wọ́n ń padà sẹ́yìn, ohùn náà sì ń kéré lọ́jọ́ orí bó ṣe ń jáde, títí ó fi di ti ọmọge kan tí ẹ̀rù iṣẹ́ tuntun ń bà. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń dáhùn. Púpọ̀ nínú wọn ni òun ti lọ síbi ìsìnkú wọn.

Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀, ó ti gbé etí lé ihò náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó rìn lọ dé ìdí ògiri ọ́fíìsì. Láti ibẹ̀ ló ti rí i tí ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú ihò náà, ó ń dákẹ́, ó ń mi orí, ó sì tún ń sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tó ń dá a lóhùn sọ̀rọ̀.

Omi kún. Ihò náà tu ìkán omi díẹ̀ sí i lójú, ó sì dákẹ́. Ọmọbìnrin náà dìde, ó gbọn koríko kúrò ní eékún rẹ̀.

"Ó ní kí n kí yín," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwọ̀n irin tí wọ́n fi ń bo ihò afẹ́fẹ́ kí ẹyẹ má baà kó sínú omi, ó gbé e padà lé ẹnu ihò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀.